Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Princeton kékeré tó ń ké bí àgbà

Ní òpin àwọn ọdún 1960, ní Kalifọ́níà, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan, Randall Smith, tú anpilifáyà gìtá Fender Princeton kan, oníwáàtì 12 péré. Ó fi tiransifọ́ọ̀mà tó lágbára bíi ti Fender Bassman sínú rẹ̀, ó sì fi sípíkà íǹṣì 12 rọ́pò ti íǹṣì 10. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe o! Àfìgbà tí Carlos Santana, olókìkí onígìtá, fi ta gìtá, lọ̀rọ̀ bá di òwò: ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ anpilifáyà Mesa/Boogie ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé wáàtì nìkan ló ń gbé ohùn sókè. Ìlọ́po méjì wáàtì kò fi ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 lọ kún ohùn. Sípíkà tó já fáfá lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ohùn gìtá máa bú ramúramù, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Torí ìyẹn, nígbà tó yá, Smith fi tíúbù kékeré kan (ohun tó ń fún ohùn lágbára) kún ọ̀nà tí ohùn ń gbà kó tó kan àwọn tíúbù ńlá.

Iná inú irú anpilifáyà onítíúbù yìí lè ju fọ́ọ̀lìtì 400 lọ, kapásítọ̀ sì lè dì í mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ó ń pani. Bí ó bá fẹ́ àtúnṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ tó mọ tíúbù dáadáa.