Ta Ni Ó Ni Kòkó? Àwọn Tí Ń Ṣeré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ohun Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Ara Wọn Dá

1. Ìfáàrà

Ní nǹkan bí ọdún 1845 ni jagunjagun kan tí ń jẹ́ Èṣùbíyìí tẹ ìlú Ayédé-Èkìtì dó. Ogun ni ó lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó péjọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kúrò ní ibùgbé wọn àtijọ́. Wọn kò wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gbé òrìṣà àti ọdún wọn dání. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ Ayédé kò ní í béèrè ìtàn ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó nìkan. Yóò béèrè ohun tí àwọn tí ó bá a tẹ̀dó mú wá pẹ̀lú.

Àwọn géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí bí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní olùdásílẹ̀, wọ́n sì ní àwọn tí ó wá tẹ̀dó sínú wọn. Ìbéèrè wa ni èyí: ta ni ó ni ohun tí àwọn tí ó wá tẹ̀dó dá?

2. Ọpọ́n tí kò sí níwájú wa

Ẹni méjì tí ń ta ayò lè fi ẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa jẹ. Ọpọ́n ń bẹ níwájú wọn, òfin sì ń bẹ lẹ́nu wọn. Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn lè wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá kí wọ́n sì jọ máa ṣe eré kan náà, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà tí ó so wọ́n pọ̀ wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni eré náà.

Síbẹ̀, àwọn tí ń ṣeré kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1999, Minh Le àti Jess Cliffe, tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, dá Counter-Strike láti inú Half-Life, eré ilé-iṣẹ́ Valve. Ní ọdún 2000, Valve ra eré náà, ó sì gba àwọn méjèèjì síṣẹ́. Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Blizzard gbé Warcraft III jáde pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi dá pápá eré tirẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣeré ti dá DotA ní ọdún 2003, tí wọ́n sì ń tún un ṣe láti ọwọ́ dé ọwọ́. Dota 2 tí Valve ṣe láti ara rẹ̀ lówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀bùn ìdíje rẹ̀ ní ọdún 2021 fi ju mílíọ̀nù 40 dọ́là lọ. Blizzard àti Valve jà lórí orúkọ náà títí wọ́n fi parí ìjà ní ọdún 2012, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó dá eré náà nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí Blizzard tún Warcraft III gbé jáde ní ọdún 2020, àdéhùn rẹ̀ sọ pé ti ilé-iṣẹ́ náà ni gbogbo pápá eré tí ẹnikẹ́ni bá dá sínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2008 ni àwọn tí ń ṣe EVE Online ti ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tí ń gba ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín nímọ̀ràn. Roblox náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ń san ìpín kan nínú owó tí ń wọlé fún àwọn tí ń dá eré sínú rẹ̀.

3. Ilẹ̀ ọ̀tọ̀, kòkó ọ̀tọ̀

Àṣà wa ti dá irú ẹjọ́ yìí rí. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ dáko ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílẹ̀ bá ti gbà á láyè láti gbin kòkó, ẹni tí ó gbìn ín ni ó ni kòkó. Kódà, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí ìjọba tí ó bá gba ilẹ̀ san owó ilé àti irúgbìn tí ó wà lórí rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ilé-iṣẹ́ ni ó ń náwó lórí kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń sanwó òṣìṣẹ́. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ìṣákọ́lẹ̀ fi tọ́ sí i. Ìṣákọ́lẹ̀ kò sọ kòkó di ti onílẹ̀.

Ewu kejì sì ń bẹ. Ní ọdún 2024, Sony ti àwọn kọ̀ǹpútà LittleBigPlanet 3 pa, ọ̀nà sì dí mọ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pápá eré tí àwọn tí ń ṣeré ti kó síbẹ̀. Onílẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà oko, kòkó ń bẹ nínú.

4. Àgbálọgbábọ̀

Kí ọ̀dọ́ wa tó gbin nǹkan sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, kí ó ka àdéhùn, kí ó sì pa ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì lágbára, kí ó ní ilẹ̀ tirẹ̀, bí Maliyo Games tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí olùdásílẹ̀ géèmù bá fẹ́ kí ìlú rẹ̀ tòrò, kí ó mọ̀ pé àwọn tí ó wá tẹ̀dó ni ó sọ ọ́ di ìlú.