Àṣíborí Agunkẹ̀kẹ́: Ibi Tí Oge Àti Ààbò Ti Pàdé

Àṣíborí tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń dé kò lè ní kí orí má kan ilẹ̀. Bí ènìyàn bá ré bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, orí lè gbá ilẹ̀ bó ti wù kó rí. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé agbárí á dúró lójijì nígbà tí ọpọlọ inú rẹ̀ kò tíì dúró, ọpọlọ á sì lọ gbá eegun. Iṣẹ́ àṣíborí ni láti jẹ́ kí ìdúró yẹn falẹ̀ díẹ̀. Fóòmù funfun tó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, ló ń ṣe é: bó bá ti gbá ilẹ̀ á rún, bó sì ṣe ń rún ló ń gba ipá tí ì bá wọnú ọpọlọ lọ. Fóòmù tó bá ti rún kì í padà sípò. Nítorí náà, àṣíborí tó bá ti gba ìṣubú ńlá kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ń dán.

Ìdí nìyí tí kí nǹkan le nìkan kò fi tó. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Nàìjíríà, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan gé igbá dé, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Igbá le, ó sì rí roboto, àmọ́ kò sí ohun tó ń rún nínú rẹ̀, kò sì sí okùn gidi tó dì í mọ́ àgbọ̀n. Bí ọlọ́kadà bá ṣubú, igbá lè ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀.

Láàárín àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje ní ilẹ̀ Yúróòpù, fìlà aláṣọ tó ní etí kékeré níwájú ni ọ̀pọ̀ ń dé fún ọdún gbọọrọ. Àwọn kan ń dé ọ̀já awọ tó pín sí ìlà-ìlà lórí, tí ẹwà rẹ̀ ju ààbò rẹ̀ lọ. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà gbé Bell Biker jáde, tó ní fóòmù nínú àti èèpo líle lóde. Ó dáàbò bo orí dáadáa ju awọ lọ, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó ń mú ooru, àwọn eléré ìdíje kò sì fẹ́ kí wọ́n rí irú rẹ̀ lórí àwọn.

Ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ọdún 1989 bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú ìwòye yẹn padà. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọjọ́ 23 oṣù keje, kìlómítà 24.5 ló kù láti Versailles sí Paris, oníkálukú sì ń dá sáré tirẹ̀. Laurent Fignon, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi ìṣẹ́jú àáyá 50 ṣáájú Greg LeMond ará Amẹ́ríkà. Fignon jáde láìdé nǹkan kan, awò lójú, irun gígùn tó so sẹ́yìn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. LeMond dé àṣíborí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó sì lo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tuntun tó jẹ́ kí àyà rẹ̀ sún mọ́ kẹ̀kẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 8 péré ni LeMond fi gba ìdíje náà. Lóòótọ́, torí afẹ́fẹ́ ló ṣe dé àṣíborí yẹn, kì í ṣe torí ìṣubú, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sì kó ipa tirẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo ayé ti rí aṣẹ́gun pẹ̀lú àṣíborí lórí.

Ìyẹn kò tíì tó. Ní ọdún 1991, nígbà tí àjọ UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé sọ àṣíborí di dandan, àwọn eléré fàáké kọ́rí ní ìdíje Paris–Nice, àjọ náà sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní oṣù keje ọdún 1995, Fabio Casartelli, ọmọ Ítálì tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Barcelona, ṣubú níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè Portet d'Aspet nínú Tour de France. Kò dé àṣíborí, ó sì kú. Síbẹ̀ òfin kò yí padà. Àfìgbà tí Andrei Kivilev ará Kazakhstan ṣubú ní Paris–Nice ní oṣù kẹta ọdún 2003, tí òun náà kò dé nǹkan kan, tó sì kú ní ọjọ́ kejì, ni UCI tó fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀. Ó bani nínú jẹ́ pé ikú ló ní láti parí àríyànjiyàn náà. Lónìí, àṣíborí tí akọni bá dé lórí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri ọjà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ yàtọ̀, nítorí kò sí UCI tó ń darí wọn. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà sọ àṣíborí di dandan ní ọdún 1990. Nígbà tí wọ́n ka àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní Melbourne lẹ́yìn náà, iye àwọn ọ̀dọ́ ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ohun tí wọ́n ní kó dé lè fi kẹ̀kẹ́ gan-an sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì pàdánù ìdárayá. Nítorí náà, ẹ̀bi ni kí àwọn tó ń ṣe àṣíborí ka ẹwà sí ohun tí kò já mọ́ nǹkan.

Àwọn tó gbìyànjú jù lọ láti yanjú èyí ni Anna Haupt àti Terese Alstin, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Lund ní Sweden. Ní 2005, ọdún tí òfin àṣíborí fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Hövding, tó dé ọjà ní 2011. Ọrùn ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí bíi kọ́là, irun kò sì ní bàjẹ́. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ṣọ́ bí ara ṣe ń mì; bó bá ti mọ̀ pé ènìyàn ń ṣubú, báàgì afẹ́fẹ́ á tú jáde, á sì bo orí láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn onímọ̀ ní Stanford kọ ní 2016 pé irú báàgì bẹ́ẹ̀ lè dín ipá tó ń kan orí kù ju fóòmù lọ fíìfíì, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tó. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́dọ̀ tú kó tó ṣiṣẹ́ lè kọ̀ láti tú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Sweden fòfin de títa Hövding 3, ilé-iṣẹ́ náà sì wọko gbèsè, ó kógbá wọlé lóṣù kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé ọjà òun léwu.

Ọ̀nà mìíràn tó wá láti Sweden kò mú ariwo lọ́wọ́. Orí kì í sábà gbá ilẹ̀ ní tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà kàn án, á sì yí bírí. Hans von Holst, oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, àti onímọ̀ ẹ̀rọ Peter Halldin ló dá MIPS sílẹ̀: ìpele tín-ín-rín láàárín orí àti fóòmù, tó lè yọ̀ ní bíi mìlímítà 10 sí 15 kí ìyípo náà lè dínkù. Kò hàn lóde rárá, oge kò sì pàdánù nǹkan kan.

Irun ní ìṣòro tirẹ̀. Ṣùkú tó nàró láàárín orí á gbé àṣíborí sókè, iwájú orí á ṣí sílẹ̀. Kòlẹ́sẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí títí dé ìpàkọ́ kò ní ìyọnu bẹ́ẹ̀. Gèlè àti fìlà nínípọn kò bá àṣíborí gbé, àmọ́ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Kánádà, Tina Singh ṣe àṣíborí tó ní àyè lókè fún àwọn ọmọ ẹlẹ́sìn Sikh tó ń di irun wọn sórí, ó sì yege nínú ìdánwò ààbò.

Ìdánwò yìí ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe owó. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, wọ́n ń ju àṣíborí sílẹ̀ pẹ̀lú orí àtọwọ́dá nínú rẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 2 sórí irin. Àmì CPSC ló ń fi hàn pé ó yege. EN 1078 ni ti Yúróòpù. Bí ó bá di dídé, kí etí iwájú rẹ̀ fi bí ìka méjì ga ju ìpéǹpéjú lọ, kí okùn méjèèjì pàdé lábẹ́ etí, kí ìka kan tàbí méjì péré sì lè wọ abẹ́ okùn àgbọ̀n. Ẹni tó tì í sẹ́yìn kí iwájú irun lè hàn ti ṣí iwájú orí rẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ fún àmì ìdánwò, kó gbé e karí, kó di okùn rẹ̀, kó mi orí. Bí kò bá yẹ̀, kó mú àwọ̀ tó bá wù ú.