Bàtà Tó Lanu Kò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó nínú àpò gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ bàtà ni.

Kí n tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ tíṣà fẹ́ gbé ìyàwó. Mo ní bàtà aláwọ dúdú kan nílé tí ara rẹ̀ ṣì le koko, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ti lanu bí ọ̀nì. Ìyàwó mi ní kí a jókòó kí a tún un ṣe. Mo ní rárá o, ṣé kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wá rí mi nínú bàtà alábùlẹ̀ ni? Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo sì fi ra bàtà tuntun tó ń dán gbinrin. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí mo ti ń jó lọ síwájú onílù, ìsàlẹ̀ bàtà tuntun náà já sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́ lójú agbo. Àwọn ọmọdé ló bá mi ṣa á.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi san gbèsè bàtà tí n kò wọ̀ ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Inú oṣù kẹta ni owó ilé-ìwé ọmọ mi obìnrin pé, n kò sì rí i san. Wọ́n dá a padà wálé. Nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà tòun ti àpò ìwé rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, n kò lè wo ojú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni èmi àti ìyàwó mi gbé bàtà àtijọ́ yẹn sórí àga, tí a tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo tún fi wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

ÌTÌJÚ KÒ SÍ NÍNÚ ÀBÙLẸ̀

Àwọn kan rò pé lára ilé-iṣẹ́ Bata ni Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ náà, bàtà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1894 ni a dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní ìlú Zlín, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàtà ti wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní ọdún 1852. Bàtà awọ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa, títún un ṣe kì í sì í ṣe àlejò. Títí di òní, àwọn oníṣẹ́ awọ wà ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ rán àpò àti tìmùtìmù. Ohun tí ọwọ́ rán, ọwọ́ lè tún un rán.

MỌ ÈYÍ TÓ ṢEÉ TÚN ṢE

Nínú bàtà, ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú, nítorí pé òun ló ń bá ọ̀dà àti òkúta jà. Bí awọ òkè bá ṣì dára, tí kò sán níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, bàtà náà kò tíì kú.

Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fi owó gọ́ọ̀mù ṣòfò lé lórí. Ẹ ti rí i rí: bàtà tí a tọ́jú sínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a gbé jáde lọ́jọ́ àríyá, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Kì í ṣe ọwọ́ ayé o. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì tu ẹsẹ̀ lára, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì sọ ọ́ di ohun tí kò lágbára mọ́. Ooru a sì máa mú un yá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo fura pé irú rẹ̀ ni mo fi owó gbèsè rà, pé ó ti pẹ́ nínú páálí kí n tó dé ìsọ̀. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń rún, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè mú un, àfi kí aránbàtà yọ gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó fi rọ́bà mìíràn sí i.

BÀTÀ TÓ LANU

Ẹ ra gọ́ọ̀mù inú agolo, aláwọ̀ ìyeyè, tí àwọn aránbàtà ń lò. Gọ́ọ̀mù olómi kékeré tó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ kò dára fún ibi tí bàtà ti ń tẹ̀, nítorí pé ó máa ń le jù, á sì sán bí ẹ bá ti ń rìn. Ẹ fọ erùpẹ̀ inú ẹnu bàtà náà kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, ẹ gbọn eruku rẹ̀ nù, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ pa òkè àti ìsàlẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà: wọ́n á pa á pọ̀ nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí ẹ ó fi fọwọ́ kàn án tí kò ní lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó pa á pọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé bó bá ti mú, kò ṣeé sún mọ́. Ẹ fi òòlù lù ú jẹ́jẹ́ yíká. Ẹ gé rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi dì í gírígírí di ọjọ́ kejì. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ sì jìnnà sí iná ìdáná àti àbẹ́là, nítorí pé gọ́ọ̀mù náà lè gbaná, òórùn rẹ̀ kò sì dára fún ara. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

BÀTÀ TÓ TÚ LÓJÚ RÍRÁN

Bó bá jẹ́ ojú rírán ló tú, gọ́ọ̀mù nìkan kò tó. Ẹ wá òwú ọ̀rá, ẹ fà á lára àbẹ́là tàbí ìda oyin kó lè máa yọ̀ wọlé. Àwọn ihò àtijọ́ ni kí ẹ bá lọ. Bí ẹ bá ń lu tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, awọ á ya bí ìwé. Abẹ́rẹ́ méjì ni kí ẹ lò, ọ̀kan ní orí òwú, ọ̀kan ní ìdí rẹ̀. Bí ọ̀kan ti ń gba ihò wọlé láti ọ̀tún, kí èkejì gba ihò kan náà wọlé láti òsì. Rírán báyìí kì í tètè tú: bí òwú bá já lójú kan, apá kejì ṣì di awọ mú.

GÌGÍSẸ̀ TÓ JẸ

Ọ̀pọ̀ wa ni gìgísẹ̀ bàtà wa máa ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju èkejì lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má dúró kó jẹ wọ igi tàbí ike tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gé rọ́bà líle tó bá a mu, ẹ lẹ̀ ẹ́ bí mo ti wí, kí ẹ kan ìṣó kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin mọ́ ọn. Kí orí ìṣó rì wọnú rọ́bà, kí ẹnu rẹ̀ má sì yọ sínú bàtà. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́!

ÌTỌ́JÚ

Bí òjò bá pa bàtà awọ, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹ má sì sá a sínú oòrùn gangan, nítorí pé awọ á gan, á sì sán. Ẹ ki ìwé ìròhìn àtijọ́ sínú rẹ̀ kó fa omi, kí ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bó bá gbẹ tán, ẹ fi pólíìṣì kùn ún. Ẹni tó bá ní bàtà méjì, kó máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́, kí òógùn lè gbẹ nínú èyí tó ń sinmi.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé bàtà kan jẹ́ 24,000 náírà, ó sì gbé oṣù 8. Ó ná yín ní 3,000 náírà lóṣù. Bí ẹ bá wá fi 3,000 náírà tún un ṣe, tó sì tún gbé oṣù 10 sí i, 27,000 náírà ni ẹ ná fún oṣù 18, èyí tí í ṣe 1,500 náírà lóṣù. Ìdajì owó ti padà sápò. Ẹ wá fi iye ẹsẹ̀ tó wà nínú ilé yín sọ ọ́ di púpọ̀.

N kò ní kí ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu aránbàtà. Iṣẹ́ tó bá le, bíi pípààrọ̀ gbogbo ìsàlẹ̀, tirẹ̀ ni, ẹ gbé e lọ fún un, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé.

Ọmọ mi tí wọ́n dá padà wálé lọ́jọ́sí ti mọ bí a ti ń fi abẹ́rẹ́ méjì rán bàtà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fi sáńdà alábùlẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láìpẹ́ yìí, ó sì dáhùn pé, “Bó ti rí yìí, kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.” Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó lọ ra tuntun lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ lè bá èyí tó ṣì lẹ́mìí níbẹ̀.