Máàkì JAMB àti Ọ̀nà Àtidi Agbẹjọ́rò

Bí ọmọ kan ní Ìpakodò bá gba 260 nínú 400 nínú ìdánwò JAMB, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ òfin ni ó yàn ní Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Akókà, ní òdìkejì ọ̀sà, ìdùnnú á ṣubú lu ayọ̀ nínú ilé. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá wá jáde ńkọ́? Àwọn ará ilé á ní ó fìdí rẹmi, tàbí kí wọ́n ní wọ́n ti fi ipò rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́. Èkejì kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ òótọ́.

Kí 1978 tó dé, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo wọn, ẹni tí ó fẹ́ kọ́ òfin sì gbọ́dọ̀ fi lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ní 2005, a gba àwọn yunifásítì láàyè láti máa ṣe àyẹ̀wò tiwọn. Láti ìgbà náà ni máàkì JAMB kò ti dá pinnu mọ́.

Ní Akókà, ẹni tí kò bá gba 200 kò lè kópa nínú àyẹ̀wò náà. Fún ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀, a ó fi 8 pín máàkì JAMB rẹ̀ kí ó lè di ìdajì ọgọ́rùn-ún: 260 di 32.5, 280 sì di 35. Àyẹ̀wò yunifásítì ní 30, èsì ìwé mẹ́wàá ní 20. Ibi tí ọ̀pọ̀ kò fojú sí gan-an nìyí. Ẹni tí ó gba A1 nínú iṣẹ́ márùn-ún ní 20 pé. Ẹni tí ó gba C6 nínú márààrún ní 10 péré. Máàkì 10 yẹn tó 80 nínú ti JAMB! Olùkọ́ tí ó ń sọ fún ọmọ pé kí ó ṣáà ti ní kírẹ́díìtì márùn-ún kò ràn án lọ́wọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àyè. Ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin ni ó ń fi gbèdéke sí iye ẹni tí ẹ̀ka òfin kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí yunifásítì ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ọmọ Èkó kò sí nínú ìpín tí ó kẹ́yìn yìí. Nítorí náà, 260 kò sọ bí ọmọ ti mọ̀wé tó; ipò rẹ̀ láàrin àwọn tí ó bá a du àyè lọ́dún náà ni ó ń sọ. Ó lè tó lọ́dún yìí kí ó má tó lẹ́ẹ̀mìíràn.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò tí a dá sílẹ̀ ní 1962, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Bwari báyìí, kì í béèrè máàkì JAMB lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbà èwe ni a ti ń sẹ́ wọn.

Asẹ́ náà sì lè ya. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 2025, JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ti ba èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 jẹ́, 206,610 nínú wọn ní agbègbè Èkó, wọ́n sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà ni èsì ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ.