Ẹ̀ṣọ́ igbó wọ kíláàsì: kí ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé?

Bí ẹ bá sọ fún òbí kan ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin lónìí pé iléèwé fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo igbó, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: "Igbó wo?" A ò lè dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì wa níbí. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ olùjọ́sìn gbé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Kwara ní kí wọ́n ti iléèwé pa láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan.

Àmọ́ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa igbó ju ìbẹ̀rù lọ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ṣàlàyé ètò tí àwọn réńjà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ páàkì ìjọba àpapọ̀, máa ń ṣe fáwọn ọmọ iléèwé.

Páàkì méjì ló sún mọ́ wa díẹ̀. Ti Kainji, tí apá kan rẹ̀ wà ní Káyámà àti Bàrútẹ́n, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìkejì ni Old Oyo, tó fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóòró. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀, torí náà ọmọ tó bá débẹ̀ á gbọ́ ìtàn mọ́ ẹ̀kọ́ ẹranko.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí réńjà mú ọdẹ nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n tún máa ń lọ sáwọn abúlé tó yí páàkì ká, wọ́n á dá ẹgbẹ́ olùdáàbòbò ìgbẹ́ sílẹ̀ níléèwé. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń dẹ pàkúté lóru lọ́mọ ní kíláàsì lọ́sàn-án.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé. Ipasẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ tó: ẹranko wo ló kọjá? Ṣé ó ń rìn ni àbí ó ń sá? Wáyà pàkúté náà wà ńbẹ̀. Wáyà ò mọ aboyún, kò mọ ọmọ, ẹran sì lè jẹrà sínú ẹ̀ kí ẹni tó dẹ ẹ́ tó padà dé.

Ti iná ìgbẹ́ ló máa ń yani lẹ́nu jù. Àwọn réńjà fúnra wọn máa ń dáná sun koríko! Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán, kí iná náà má bàa le. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di àárín ọyẹ́, iná tó bá ṣẹ́ yọ á jó igi kéékèèké run.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó bá parí iṣẹ́ inú ìwé kékeré kan ní páàkì á búra níwájú réńjà, wọ́n á sì fún un ní báàjì. Ní Lẹ́kí, l'Ékòó, àwọn ọmọ iléèwé máa ń gun afárá orí igi tó gùn tó mítà 401.

Àwa ńkọ́? New Bussa ni olú-iléeṣẹ́ Kainji wà, ti Old Oyo wà nílùú Ọ̀yọ́. Méjèèjì jìnnà, ọ̀nà ò sì dáa fún bọ́ọ̀sì tó kún fún ọmọ. Lójú tèmi, kí ẹnikẹ́ni má kó ọmọ wọgbó báyìí. Inú ọgbà iléèwé tó. Ọ̀gá iléèwé lè kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń rí sọ́rọ̀ igbó ní Ìlọrin, tàbí kó pe ọdẹ àgbà kan nínú ìlú. Kì í ṣe tuntun o: láwọn ọdún 1930, Bámigbóyè, agbẹ́gilére ará Kájọlà, kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọnà l'Ómù-Àrán.

Wákàtí kan péré, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí àwọn òbí sì ti mọ̀ ṣáájú. Igi tó wà lẹ́yìn kíláàsì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: kí lorúkọ rẹ̀, ẹyẹ wo ló ń sùn síbẹ̀, ta ló gbìn ín?