Ọdún 1486 àti Ìtàn Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Àyẹ̀wò Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Ka Ọdún

1. Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwọn òpìtàn láti mú ọdún kan ṣoṣo, kí wọ́n sì to ohun tí ó ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé nínú rẹ̀ sí ojú kan. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó ní ìwé nìkan ni ó sábà máa ń wọ inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó mú ọdún 1486, a ó sì béèrè ibi tí a lè fi Iléṣà àti Òṣogbo sí nínú rẹ̀. Ọdún náà ni àkọsílẹ̀ àwọn Potogí fi ìbẹ̀wò João Afonso de Aveiro sí Ìbìní sí.

2. Ayé ní ọdún 1486

Ní oṣù kìíní, Ọba Henry Keje ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Elizabeth ti ìdílé York níyàwó, ìdílé méjì tí ó ti ń bá ara wọn jagun sì parapọ̀. Ní oṣù kejì, wọ́n yan Maximilian ní ọba ní Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún náà ni Christopher Columbus gbé èrò ìrìn-àjò rẹ̀ síwájú ọba àti ayaba ilẹ̀ Sípéènì. Ní Mẹ́síkò, Tizoc kú, Ahuitzotl sì jọba. Ní Gao, Sonni Ali, tí ó ti gba Timbuktu ní 1468, ṣì wà lórí oyè.

3. Ìbìní àti ọ̀rọ̀ Ogane

Jacob Egharevba fi ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Ọba Ozolua sí nǹkan bí ọdún 1481. Nígbà tí Aveiro ń padà láti Ìbìní, ó mú ìyèrè lọ sí ilẹ̀ Potogí. Olórí Ughoton sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ Ọba. João de Barros, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1552, kọ ọ́ pé àwọn ará Ìbìní sọ nípa ọba ńlá kan tí ó ń jẹ́ Ogane, tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ní ìrìn ogún oṣù. Bí Ọba Ìbìní bá wàjà, ẹni tí ó jẹ tẹ̀ lé e a rán ikọ̀ sí Ogane. Ogane a sì fi ọ̀pá, akoro àti àgbélébùú onídẹ ránṣẹ́ sí i láti fi ìdí oyè rẹ̀ múlẹ̀. Ikọ̀ náà kì í rí ojú Ogane. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń yọ lábẹ́ aṣọ sẹ́dà.

Ọba João Kejì ti Potogí ronú pé Ogane lè jẹ́ Prester John, ọba onígbàgbọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń wá. Ní 1487, ó rán Bartolomeu Dias gba ojú òkun, ó sì rán Pero da Covilhã àti Afonso de Paiva gba orí ilẹ̀. Nípa báyìí, ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìbìní wà lára ohun tí ó ti ìrìn-àjò wọ̀nyí síwájú.

Ta wá ni Ogane? Àwọn Ẹ̀dó ń pe Ọọ̀ni ní Ọghẹnẹ n'Uhẹ. Èyí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn fi gbà pé Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni. A. F. C. Ryder tako wọn ní 1965: Ifẹ̀ kò sí ní ìlà-oòrùn Ìbìní, agbègbè tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ni ó sì tọ́ka sí. Lójú tiwa, orúkọ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù, nítorí ẹnu ògbufọ̀ ni òǹkà oṣù àti ìhà ti kọjá, ó sì lé ní ọgọ́ta ọdún kí a tó tẹ ìwé náà.

4. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Bí Ogane bá jẹ́ Ọọ̀ni, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Ifẹ̀, kò lè jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí tí awalẹ̀pìtàn Akínwùmí Ògúndìran ṣe ní Iloyi, tí ó tẹ̀ jáde ní 2002, dá lórí àjọṣe Ifẹ̀ àti Ìbìní láàrin ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìndínlógún. Ọdún 1486 bọ́ sí inú àkókò náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún ni ilẹ̀ tí a wà ń fún wa, kì í ṣe ọdún.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ajíbógun bu omi òkun wá fún ojú Odùduwà. Ọwálùṣẹ tún Iléṣà tò. Atákúnmọ́sà lọ sí Ìbìní. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn sì ti Ìpólé lọ tẹ Òṣogbo dó. Ìṣèjọba ọba ni a fi ń ka àkókò níbẹ̀. Nínú èdè wa pẹ̀lú, "ọdún" ni àjọ̀dún, òun náà ni oṣù méjìlá: ohun tí ó ń padà wá ni, kì í ṣe nọ́ńbà.

Àwọn kan a máa ka ọba padà sẹ́yìn láti rí ọdún. Ẹ jẹ́ kí a mú ogún ọba. Bí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún 10, igba ọdún ni. Bí a bá fún un ní 20, ó di irinwó. Oyè Ọwá sì ń yí láàrin ilé ọba, nítorí náà a kò lè kà á bí ìran baba sí ọmọ.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kí ìwé fún wa ní ọdún, kí ilẹ̀ fún wa ní ọ̀rúndún, kí ìtàn àtẹnudẹ́nu fún wa ní ìṣèjọba. Ẹni tí ó bá sọ ìṣèjọba di ọdún láìní ẹ̀rí kò bu iyì kún Iléṣà. Ṣe ni ó fi ìmọ̀ tí àwọn arọ́kin pa mọ́ gba òǹkà tí kò ní ìpìlẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà nínú ayé ọdún 1486, ẹ̀rí Iloyi sì tó láti fi í síbẹ̀.