Lílo Òfin Pythagoras láti Wá Jíjìn Tààrà láàrin Ìlú Méjì: Àpẹẹrẹ Àbújá àti Lọ́kọ́ja

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tó wọ ìlú kan ti wù kó pọ̀ tó, ìlà tààrà kan ṣoṣo ló wà láàrin ibi méjì lórí máàpù. Nínú bébà yìí, a ṣàlàyé bí a ṣe lè fi òfin Pythagoras wọn ìlà náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má kàn há òfin sórí, kó sì mọ̀ bóyá ìdáhùn òun bọ́gbọ́n mu.

Òfin náà
Bí igun kan nínú onígun mẹ́ta bá jẹ́ dígírì 90, a ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó pàdé níbẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó ro méjèèjì pọ̀. Àròpọ̀ náà yóò bá ẹ̀gbẹ́ kẹta mu, bí a bá fi òun náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Àwọn bíríkìlà mọ̀ ọ́n lò: wọ́n á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, 4 sí apá kejì. Bí okùn tó so orí méjèèjì bá jẹ́ 5, igun ilé gún nìyẹn, torí 9 àti 16 jẹ́ 25.

Àpẹẹrẹ
Àbújá wà ní dígírì 9.06 sí àríwá àti 7.49 sí ìlà-oòrùn. Lọ́kọ́ja wà ní 7.80 àti 6.73. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.26 àti 0.76. Ní agbègbè wa, dígírì kan láti àríwá sí gúúsù tó nǹkan bíi kìlómítà 111. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ó tó 110. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ kìlómítà 140 àti 84. Àríwá àti ìlà-oòrùn sì pàdé ní dígírì 90, nítorí náà òfin náà ṣiṣẹ́:

140 × 140 = 19,600
84 × 84 = 7,056
Àròpọ̀ = 26,656
Rúùtù rẹ̀ = nǹkan bíi 163

Kìlómítà 163 ni jíjìn tààrà. Ọ̀nà mọ́tò, tó gba Gwagwalada, Kwali àti Abaji kọjá, tó nǹkan bíi 200.

Yíyẹ ìdáhùn wò
Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìṣirò, kí olùkọ́ bi í pé: “Láàrin iye wo sí iye wo ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà?” Ó gbọ́dọ̀ ju 140 lọ, kò sì gbọdọ̀ tó 224, tí í ṣe 140 àti 84 lápapọ̀. Ẹni tó kàn ro ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ yóò rí 224, tó gùn ju ọ̀nà mọ́tò pàápàá lọ. Ìdáhùn náà fúnra rẹ̀ ti tú àṣìṣe fó.

Òfin yìí ní ààlà. Ayé rí roboto. Ní Lọ́ńdọ̀nù, dígírì kan sí ìlà-oòrùn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 69 lọ. Nítorí náà, kí a má fi ọ̀nà yìí wọn Àbújá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Àgbálọgbábọ̀
Láti ọdún 1970, iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àríwá, gúúsù, igun àti ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe àjèjì sí ọmọ wa. A dá a lábàá pé kí àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ máa bẹ̀rẹ̀ láti orí máàpù, kí fọ́múlà tẹ̀lé e. Olùkọ́ tí kò lè yẹ ìdáhùn ara rẹ̀ wò kò lè kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láti ṣe bẹ́ẹ̀.